Bí Mítà Kámẹ́rà Bá Kú, Òjìji Kò Kú

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà àtijọ́ tí ń lo fíìmù ni a fẹ́ sọ, èyí tí mítà tí ó fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ ti bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rí irú rẹ̀ nínú àpótí bàbá wọn, wọn a sì ní kò wúlò mọ́. Èrò tèmi yàtọ̀. Mítà tí ó kú kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Èyí tí ń purọ́ ni kí á bẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Mo fi irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ya ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí ó jẹ́ obìnrin. Ìyá náà wọ léèsì funfun báláú, ó jókòó sínú oòrùn. Mo ti fi bátìrì tuntun sí kámẹ́rà, abẹ́rẹ́ mítà sì ń mì, ni mo bá gbà á gbọ́. Nígbà tí a fọ fíìmù, léèsì hàn dáadáa, ṣùgbọ́n ojú ìyá dúdú bí ẹni pé òru ni. Kí n tó padà lọ tún un yà, wọ́n ti sin ín.

Ohun méjì ni ó fà á. Àkọ́kọ́ ni bátìrì. Púpọ̀ nínú kámẹ́rà àwọn ọdún 1960 sí 1979 ni a ṣe fún bátìrì mẹ́kúrì oní 1.35 fólítì. Nítorí pé májèlé ni mẹ́kúrì, òfin kan ní Amẹ́ríkà fi òpin sí títà wọn níbẹ̀ ní 1996. Èyí tí a sábà fi ń rọ́pò rẹ̀ jẹ́ 1.5 fólítì, àlékún yìí sì lè mú kí mítà rò pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ ju bí ó ti rí lọ. Èkejì ni léèsì. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ta padà láti ara nǹkan ni mítà ń kà, bí ẹni pé ohun gbogbo láyé kò funfun, kò sì dúdú. Nítorí náà, funfun léèsì lè tan mítà tí ó dá ṣáká pàápàá jẹ. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mítà kò lè fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ayàwòrán ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ni ṣíṣe? Nínú kámẹ́rà bíi Pentax K1000, tí wọ́n ṣe láti 1976 títí di 1997, mítà nìkan ni ó nílò bátìrì. Ṣọ́tà ń ṣiṣẹ́ láìsí i. Àwọn bàbá wa a máa wo òjìji mọ àkókò. Àwa náà lè wò ó mọ ìmọ́lẹ̀. Bí a bá kọ 100 sára fíìmù, ẹ fi ṣọ́tà sí 125; bí ó bá jẹ́ 400, ẹ fi í sí 500. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ilẹ̀. Bí etí òjìji bá mú ṣáṣá, ẹ fi lẹ́ńsì sí 16. Bí ọyẹ́ bá mú kí etí rẹ̀ rọ̀, 11. Bí òjìji bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, 8. Bí kò bá sí òjìji rárá, 5.6. Bí ẹni tí à ń yà bá wà lábẹ́ ibòji, 4. Bí nọ́ńbà bá ti ń kéré sí i ni ihò lẹ́ńsì ń fẹ̀ sí i. Ní kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́, ẹ tún ṣí i sí i. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ ṣí i ní ìpele kan, nítorí fíìmù nẹ́gátíìfù a máa fara da àpọ̀jù ìmọ́lẹ̀ ju àìtó rẹ̀ lọ.

Ilẹ̀ ni òjìji wà, kò sí lára aṣọ. Ìyá wọ léèsì tàbí àdìrẹ, òjìji kò yí padà.

Èyí kì í ṣe àrà tuntun. Olóògbé J. D. 'Okhai Ojeikere, tí ó ṣiṣẹ́ ayàwòrán fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn, tí àwọn àwòrán irun dídì rẹ̀ sì gbayì káàkiri àgbáyé, kámẹ́rà Brownie ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Kámẹ́rà alápòótí bẹ́ẹ̀ kò ní mítà kankan.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mú ìwé kékeré dání. Ẹ kọ bí òjìji ti rí àti nọ́ńbà tí ẹ lò sílẹ̀ fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Kí fíìmù mẹ́ta tó tán, ojú yín yóò ti di mítà. Ẹ má sì fi falẹ̀, nítorí àwọn àgbà tí ó yẹ kí á yà kò ní dúró dè wá.

Ó dìgbà kan ná.