Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nínú Ìmúrasílẹ̀ fún Eré Ìje Ọ̀nà Jíjìn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ jẹ mọ́ eré ìje ọ̀nà jíjìn, èyí tí a ń pè ní Marathon, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195. Kì í ṣe ọjọ́ ìje gan-an ni mo fẹ́ kí a fi ọkàn sí, bí kò ṣe ọjọ́ púpọ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí ń sáré. Abebe Bikila, ọmọ ilẹ̀ Etiópíà, ni èmi yóò fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án, ọdún 1960, ní ìlú Róòmù, ọkùnrin yìí, tí í ṣe ọmọ-ogun nínú ẹ̀ṣọ́ Ọba Haile Selassie, sá eré náà láìwọ bàtà. Ó sì gba ipò kìn-ín-ní ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú-àáyá 16. Ẹnu ya gbogbo ayé, ọ̀pọ̀ sì kà á sí iṣẹ́ ìyanu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wádìí ọ̀ràn náà wò. Bàtà tuntun tí wọ́n rí fún un kò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Bí ó bá ṣe pé ọjọ́ náà ni ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ lásán sáré, ìbá ti dúró lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní àgbègbè Addis Ababa, ìlú tí ó fi ohun tí ó ju mítà 2,300 ga ju òkun lọ, níbi tí afẹ́fẹ́ fúyẹ́ tí èémí sì ṣòro. Ohun tí ó jẹ́ ìyanu lójú ará Róòmù ti di bárakú fún ẹsẹ̀ Bikila. Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní nìyí: ọjọ́ ìdánwò kì í fún ènìyàn ní agbára, èyí tí ó ti ní tẹ́lẹ̀ ni ó ń fi hàn.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ti ìwọ̀n. Onni Niskanen, ará ilẹ̀ Súwídìn, ni ó kọ́ Bikila. Bí eré kíkankíkan ti ní ọjọ́ tirẹ̀ nínú irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni eré pẹ̀lẹ́ àti ìsinmi ní tiwọn. Nítorí pé nígbà ìsinmi ni iṣan ara tí ó ti ṣe làálàá ń tún ara rẹ̀ ṣe, tí ó sì ń le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹni tí ó bá ń ná gbogbo agbára rẹ̀ lójoojúmọ́ yóò ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ẹni tí ó bá sì ń sinmi lójoojúmọ́ kò ní dé ibì kankan. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò fi ń gun àgbọn. Síbẹ̀ a ń rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi oṣù mẹ́wàá ṣeré, tí ó sì fẹ́ fi òru mẹ́ta ka ìwé tán. A sì ń rí oníṣòwò tí ó fẹ́ fi ọjà kan ṣoṣo di ọlọ́rọ̀.

Ẹnìkan lè bi mí pé, “Bí agbára náà bá lọ ńkọ́?” Ìbéèrè ńlá ni, nítorí àwọn kan jókòó láàárín wa tí àìsàn tàbí ọjọ́ ogbó ti gba agbára wọn. Ní ọdún 1964, ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún Bikila, ó tún gba ipò kìn-ín-ní ní Tokyo. Ní ọdún 1968, ní Mẹ́síkò, ara kọ̀ fún un, kò sì lè parí ìje náà. Ní ọdún 1969, mọ́tò rẹ̀ dojúdé, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì rọ. Ẹsẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́ kò tún gbé e mọ́ láé.

Kí ni ó ṣe? Ní ọdún 1970, ní Stoke Mandeville ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó jókòó sórí àga oníkẹ̀kẹ́, ó sì bá àwọn aláàbọ̀ ara díje nínú ọfà títa. Ní ọdún 1971, ó lọ sí ilẹ̀ Nọ́wè, ó sì bá wọn díje lórí ọkọ̀ tí ń yọ̀ lórí yìnyín. Ó kú ní ọdún 1973, ní ẹni ọdún 41.

Ẹ̀kọ́ kẹta, tí ó tóbi jù, nìyí: ohun méjì ni ìmúrasílẹ̀ ń kọ́. Ó ń kọ́ ẹsẹ̀, ó sì ń kọ́ ẹni tí ó ni ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ lè lọ, ṣùgbọ́n sùúrù, ìfaradà àti àṣà bíbẹ̀rẹ̀ ní àkọ̀tun kò bá a lọ.

Nítorínáà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ mú iṣẹ́ kékeré kan tí ẹ ó máa ṣe lójoojúmọ́, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rí yín. Ẹ̀yin tí agbára ti lọ lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe ka ọdún tí ẹ ti fi ṣe làálàá sí òfò. Ẹ wo ohun tí ó kù lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.