Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọ̀gá Ọlọ́pàá Gbọ́dọ̀ Dé Ojú Títì: Ọ̀rọ̀ Alákòóso Ẹ̀ka Ọ̀dọ́



Lóṣù tó kọjá, ọlọ́pàá dá àwa mẹ́ta dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń tú fóònù wa. Ọ̀gá wọn dé, ó ní, "Kí ni wọ́n ṣe?" Kò sẹ́ni tó rí èsì fọ̀. Ó ní ká máa lọ.

Ọ̀gá kan ṣoṣo ló yí i padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá. Ní Amẹ́ríkà, FBI ti ń ṣe tiwọn láti 1935: ọ̀sẹ̀ 10 ní Quantico, ọlọ́pàá ilẹ̀ òkèèrè náà ń lọ. Wọ́n ń kọ́ òfin, ìdarí èèyàn, títí kan eré sísá (ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ju máìlì 6 lọ!). Tiwa náà wà ní Jos, Police Staff College. Àmọ́ ọ̀gá tó gba ìwé-ẹ̀rí, tí kò kọ́ àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀, kí làǹfààní ẹ̀ fún wa?

Òfin Ọlọ́pàá 2020 fàyè gba ìgbìmọ̀ ọlọ́pàá àti aráàlú. Tiwa ò tíì jókòó rí. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà sí DPO. Àwa ọ̀dọ́ á wá, a ò ní pariwo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àgbà méjì kún wa.