Láísẹ́ǹsì Ìpínlẹ̀ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Kọ́ Iṣẹ́ PA

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹ̀ka Texas)

  Akọ̀wé ní kí n má pẹ́, n kò sì ní í pẹ́.

Ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé iṣẹ́ PA, èyíinì ni physician assistant, ti ń wọ àwọn èèyàn wa lójú gan-an. Àwọn ọmọ wa kan wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì kan láàárín wa náà sì ti bẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ náà kọ́ ni mo wá sọ. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí àárín ọjọ́ tí ẹ jáde àti ọjọ́ tí ẹ ó fọwọ́ kan aláìsàn àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni oṣù ti ń ṣòfò, tí gbèsè ilé-ìwé ń kanlẹ̀kùn, tí àwọn ará ilé sì ń béèrè pé, “Ṣé o ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni?”

Iṣẹ́ náà kò pẹ́ láyé. Ní 1965 ni Dókítà Eugene Stead bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Duke University, North Carolina. Dókítà kò tó nígbà náà, ó sì mú ọkùnrin mẹ́rin tó ti tọ́jú aláìsàn nínú iṣẹ́ ológun ojú omi. Mẹ́ta nínú wọn jáde ní 1967. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ yìí ti dé gbogbo ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló kọ òfin tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: kò sí láísẹ́ǹsì PA tí a ń pè ní ti Amẹ́ríkà. Ti ìpínlẹ̀ ni. Ẹ wo ìlú Texarkana, apá kan wà ní Texas, apá kejì ní Arkansas. Láísẹ́ǹsì Texas nìkan kò lè mú yín dá títì kọjá lọ tọ́jú aláìsàn ní òdìkejì.

Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀, ìdánwò kan wà tí wọ́n ń pè ní PANCE. Àjọ NCCPA ló ń ṣe é, ìbéèrè 300 ni, wákàtí márùn-ún. Ẹni tó bá yege á máa kọ PA-C sẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Àwọn tó jáde láti ilé-ẹ̀kọ́ PA tí àjọ ARC-PA fọwọ́ sí nìkan ló lè jókòó fún un. Mo mọ̀ pé èyí máa ń dun àwọn dókítà tó kàwé ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀. Ẹ ti ṣe abẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún nílé, kí wọ́n wá sọ pé ẹ kò lè jókòó fún ìdánwò PA! Ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ mówó wá kí òun bá yín wá ọ̀nà ẹ̀bùrú, ẹ gbé owó yín padà sápò.

PA-C dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe láísẹ́ǹsì. Ní Texas níbí, Physician Assistant Board tó wà lábẹ́ Texas Medical Board ló ń fúnni. Wọ́n á wo ẹ̀rí ilé-ìwé àti ti NCCPA, ẹ ó tẹ̀ka, ẹ ó sì ṣe ìdánwò lórí òfin Texas. Ẹ má fojú kéré ìdánwò òfin yẹn. Òun ló máa jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé PA kò kàn lè jókòó kó máa kọ oògùn: ó gbọ́dọ̀ ní dókítà alábòójútó, àdéhùn sì gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì lórí oògùn kíkọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé wá ńkọ́? Nílé, a mọ̀ bí a ṣe ń gbé lẹ́tà dání kiri láti ọ́fíìsì kan dé èkejì. Níbí, ẹ̀rí tó bá ti ọwọ́ yín wá kì í sábà jẹ́ ẹ̀rí. Ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ni yóò fi ránṣẹ́ sí bọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá ti ní láísẹ́ǹsì ní ìpínlẹ̀ mìíràn rí, kódà ti nọ́ọ̀sì, ẹ sọ ọ́, kí ìpínlẹ̀ yẹn náà jẹ́rìí yín.

Orúkọ ló máa ń dá àwa Yorùbá dúró jù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnìkan ń jẹ́ Olúwaṣeun Àjọkẹ́ lórí páásípọ́ọ̀tù, Ṣeun A. ní ilé-ìwé, ó wá lọ́kọ, orúkọ bàbá yí padà, ó sì fi ti bàbá àti ti ọkọ pọ̀ lórí ìwé ìwakọ̀. Lójú ẹni tó ń yẹ fáìlì wò, èèyàn mẹ́ta nìyẹn! Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ fún PANCE rárá, ẹ mú orúkọ kan, kó bá káàdì tí ẹ ó mú lọ síbi ìdánwò mu, kí ẹ sì tọ́jú ìwé ìgbéyàwó sítòsí.

Ẹ ó tún bá ìbéèrè pàdé lórí ọlọ́pàá àti ilé-ẹjọ́. Ìka yín ti wà lọ́dọ̀ wọn, nítorí náà ẹ ka ìbéèrè náà dáadáa, kí ẹ dáhùn ohun tó béèrè gan-an. Ẹjọ́ kékeré tí adájọ́ ti dà nù ṣeé ṣàlàyé. Irọ́ tí a pa lórí rẹ̀ ló ṣòro ṣàlàyé.

Bí ilé-ìwòsàn bá ti gbà yín síṣẹ́, tí wọ́n sì ti dá ọjọ́, tí láísẹ́ǹsì kò tíì jáde, ẹ má ṣe rí aláìsàn kankan gẹ́gẹ́ bíi PA. Kò sí “mo kàn ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni” níbẹ̀. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Ohun tó tọ́ jù ni pé kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìwé bọ́ọ̀dù kí ẹ tó fọwọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́. Lẹ́yìn láísẹ́ǹsì, ìforúkọsílẹ̀ DEA ṣì wà fún ẹni tó máa kọ oògùn tí ìjọba ń ṣọ́, irú bíi morphine.

Ẹgbẹ́ àwọn PA dìbò ní 2021 pé physician associate ni kí wọ́n máa jẹ́, Oregon sì gbà á sófin ní 2024. Ohun tí òfin ìpínlẹ̀ yín bá pè é ni kí ẹ kọ. Bákan náà, àwọn ìpínlẹ̀ kan ti wọ àdéhùn láti máa jẹ́ kí PA ìpínlẹ̀ kan ṣiṣẹ́ ní òmíràn. Wọ́n pé méje ní 2024, àdéhùn sì dúró. Ẹ wádìí ibi tí ti ìpínlẹ̀ yín dé kí ẹ tó gbójú lé e.

NCCPA ń béèrè wákàtí ẹ̀kọ́ 100 ní ọdún méjì-méjì, ìsọdọ̀tun ti ìpínlẹ̀ sì dá dúró lọ́tọ̀. Ẹ kọ ọjọ́ méjèèjì sára kàlẹ́ńdà.

Àwọn tó ń jáde lọ́dún yìí, ẹ bá mi lọ́wọ́ ẹ̀yìn lẹ́yìn ìpàdé. Ẹ mú páásípọ́ọ̀tù àti ìwé ìwakọ̀ dání, kí a jọ wo orúkọ tó wà nínú wọn.