Ọkọ̀ Òfuurufú Tí A Fi Owó Àjọ Rà

Àbá wà nílẹ̀ pé kí a fi owó ẹgbẹ́ ra katakata, kí a máa fi í háyà. Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ń fi ọkọ̀ òfuurufú háyà.

Bí ìdajì ọkọ̀ ńláńlá tí ń kó èrò lójú ọ̀run kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí wọn lára. Háyà ni. Ọkọ̀ tí ń rin ọ̀nà jíjìn wọ́n gógó, ẹni tó bá sì béèrè tuntun lónìí lè dúró fún ọdún mélòó kan kí ó tó rí i gbà. Ta ni yóò mọ iye èrò tàbí owó epo ìgbà náà? Nítorí náà, wọn a ra díẹ̀, wọn a háyà díẹ̀, kí wọ́n lè rí èyí tí wọn yóò dá padà bí ọjà bá kùtà.

Àwọn kan ń háyà ọkọ̀ tòun tawakọ̀, bí a ti ń gba bọ́ọ̀sì lọ síbi ìyàwó. Ṣùgbọ́n háyà ọlọ́jọ́ pípẹ́, ọkọ̀ nìkan ni. Ẹni tó gbà á ni yóò tọ́jú rẹ̀, tí yóò sì dá a padà pẹ̀lú ìwé gbogbo àtúnṣe rẹ̀. Bí ìwé yẹn bá sọnù, iye ọkọ̀ náà já wálẹ̀.

Ní 2007, Singapore Airlines ni ó kọ́kọ́ fi A380, ọkọ̀ alájà méjì, kó èrò. Ilé-iṣẹ́ Dr. Peters ní Jámánì kó owó jọ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, bíi tiwa yìí náà, ó fi ra díẹ̀ nínú àwọn àkọ́kọ́, ó sì fi wọ́n háyà fún Singapore fún ọdún 10. Ọdún pé ní 2017, Singapore dá ọkọ̀ padà. Wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò gbà á, wọn kò rí. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ń mu epo jù. Àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì bíi Boeing 777 ti gba ọjà. Ní 2018 wọ́n pinnu láti tú méjì palẹ̀ ní Tarbes, ní ilẹ̀ Faransé, kí wọ́n tà wọ́n ní ẹyọ ẹyọ bí mọ́tò ní Ládípọ̀. Ọkọ̀ ọdún mẹ́wàá péré! Nígbà tó di oṣù kejì 2019, Airbus fúnra rẹ̀ kéde pé òun yóò ṣíwọ́ ṣíṣe é.

A kò ní purọ́ pé owó wọn ṣègbé tán. Owó háyà ti wọlé fún ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé oníbàárà kejì tí kò wá.

Nítorí náà, ohun méjì ni a ń béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kí a tó dìbò: ta ni yóò háyà katakata yìí bí ẹni àkọ́kọ́ bá dá a padà, èló sì ni a ó rí lórí rẹ̀ bí a bá tú u tà?