Ẹ Bèèrè Ohun Tó Wà Nínú Àtíkè

 

Ọmọ mi fi fóònù ra àtíkè fún mi láti Ṣáínà. Owó rẹ̀ ò tó ìdajì ti Ọjà Ọba. Mo pa á lọ síbi ìnáwó. Kílẹ̀ tó mọ́, ojú ti wú. Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi lè ṣí ìsọ̀. Èrè dà?

Kì í ṣe tòkèèrè nìkan o. Lọ́dún 2011, wọ́n bá òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan ní Boston, l'Amẹ́ríkà: tìróò tó ti Nàìjíríà lọ ni wọ́n ń lé fún un.

Ẹ máa wo nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa apá, kẹ́ ẹ dúró dọjọ́ kejì. Èyí tá ò lè lò fọ́mọ wa, ká má tà á fọ́mọ ọlọ́mọ.