Ìṣákọ́lẹ̀ Igbó Kainji

 

Ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde tí ó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa lọ ṣe Gálílì ní Gurara, níbi tí omi ti ń já láti orí àpáta, ní ọ̀nà Suleja. Àwa náà bá wọn lọ. Ohun gbogbo ni a gbé láti Minna: ìrẹsì nínú kúlà, ẹran díndín, omi inú ọ̀rá, àní àga tí a óò jókòó lé. A jẹ, a mu, a kọrin, a ya fọ́tò. Nígbà tí a fẹ́ máa bọ̀, obìnrin Gbàgyi kan tí ó ti gbé ẹ̀pà sísè kalẹ̀ láti òwúrọ̀ sún mọ́ wa. Ẹ̀pà inú igbá rẹ̀ kò tí ì dín. Ó fi èdè Haúsá bi wá pé, "Ẹ wá, ẹ jẹun, ẹ ń lọ. Kí ni ẹ fi sílẹ̀ fún wa?" Kí a tó rí èsì fọ̀, ó na ìka sí àwọn ọ̀rá omi tí a ti dà káàkiri ilẹ̀. Ojú tì wá. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè rẹ̀ ti ń yọ wá lẹ́nu, a sì fẹ́ gbé e kalẹ̀ níwájú yín lónìí. Ṣùgbọ́n a óò kọ́kọ́ gbé e dé ibi kan tí ó tóbi ju Gurara lọ fíìfíì, nínú ìpínlẹ̀ wa yìí kan náà.

Ibẹ̀ ni Kainji. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ orúkọ náà nítorí iná mànàmáná. Ní ọdún 1968 ni wọ́n parí ìdídò tí wọ́n fi sé Odò Ọya níbẹ̀. Adágún tí ó ti ibẹ̀ jáde bo Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀, ìlú tí òyìnbó arìnrìn-àjò nì, Mungo Park, kú sí ní ìtòsí rẹ̀ ní 1806. Bí ènìyàn 44,000 ni wọ́n ṣí nípò nítorí omi náà. Ní 1979, ìjọba àpapọ̀ tún so igbó ọba Borgu pọ̀ mọ́ ti Zugurma, ó sì sọ méjèèjì di ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ó lé ní 5,300 kìlómítà onígun mẹ́rin. Erinmi wà nínú odò rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wá kìnnìún kiri inú igbó Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 2009, ibi méjì péré ni wọ́n ti rí i: Yankari àti Kainji.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àjèjì ni èyí. Ilẹ̀ Ìbàrìbá ni Borgu. Ìtàn tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ sọ fún wa pé nígbà tí àwọn Tápà ṣẹ́gun Ọ̀yọ́, ilẹ̀ Ìbàrìbá ni Aláàfin Onígbògí sá lọ. Wọ́n ti gba ọba wa lálejò rí. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ wọn dùn wá.

Ta ni ó ń lo ilẹ̀ náà kí ó tó di igbó ọba? Àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ ni, àwọn apẹja, àwọn Fúlàní darandaran tí ń gba ibẹ̀ kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ìyá tí ń ṣa èso òrí. Nígbà tí ìjọba pààlà, ilẹ̀kùn tì mọ́ gbogbo wọn. Ẹni tí baba rẹ̀ ti ń pẹja nínú odò Oli di arúfin bí ó bá ju àwọ̀n sí i. A kò sọ pé kí ìjọba má pààlà o. Bí kò bá sí ààlà, bóyá orúkọ kìnnìún nìkan ni àwọn ọmọ wa ì bá máa gbọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn ènìyàn yìí ti san owó ńlá kí igbó náà tó lè wà. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 sì fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀, ilé àti ohun ọ̀gbìn orí rẹ̀ ni a ń ṣírò owó rẹ̀. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò níye lórí nínú ìṣirò náà.

Àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ kan tí ó bá ọ̀ràn yìí mu. Àlejò tí ó bá ń dáko lórí ilẹ̀ ìdílé kan a máa gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá lọ́dọọdún: iṣu díẹ̀, epo, bóyá àkùkọ kan. Iṣu náà kọ́ ni yóò bọ́ onílẹ̀ yó. Àlejò ń fi í jẹ́wọ́ ni pé, "Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni ẹ ni ín." Bí ọdún kò bá sì dára, àlejò kì í jókòó sílé. A tọ onílẹ̀ lọ, a ṣàlàyé bí oko ti rí, onílẹ̀ a sì fi jì í. Ẹni tí kò gbé nǹkan wá tí kò sì wí nǹkan kan ni ó ń wá ìjà. Bí a bá wò ó dáadáa, àlejò ni igbó ọba lórí ilẹ̀ àwọn ará Borgu. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ó ti wà níbẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé wọ́n ti ṣe nǹkan fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni. Ní àwọn ọdún 2000, ètò kan tí wọ́n ń pè ní LEEMP, tí Báǹkì Àgbáyé kówó lé, mú ìrànlọ́wọ́ dé àwọn abúlé àyíká Kainji kí wọ́n lè rí ọ̀nà mìíràn jẹun. Ó dára, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ètò a máa parí, ẹni tí ó mú un wá a sì padà sí Abuja. Ẹni tí a ṣàánú fún kò lè béèrè àánú ọdún tí ń bọ̀. Onílẹ̀ lè béèrè ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀.

Ẹ rántí ohun tí ó wà nínú Ìwé Samuẹli Kìíní, orí 30. Dáfídì lépa àwọn ará Amaleki pẹ̀lú 400 ọkùnrin, ṣùgbọ́n 200 tí ó ti rẹ̀ dúró lẹ́yìn ní odò Besori, wọ́n ń ṣọ́ ẹrù. Nígbà tí ìkógun dé, àwọn kan nínú àwọn tí ó jagun ní kí kálukú àwọn tí ó dúró lẹ́yìn gba aya àti ọmọ rẹ̀ nìkan, kí ó sì máa lọ. Dáfídì kọ̀. Ó ní ìpín kan náà ni fún ẹni tí ó jà àti ẹni tí ó ṣọ́ ẹrù, ó sì sọ ọ́ di òfin fún Ísírẹ́lì. Ẹ kíyè sí i pé kò ní kí wọ́n ṣàánú àwọn 200 náà. Àwọn ará abúlé àyíká Kainji ń ṣọ́ ẹrù. Ní gbogbo ọjọ́ tí ọdẹ kan bá rí ipasẹ̀ ẹran tí ó sì yí padà ní ojú ààlà, iṣẹ́ ni ó ń ṣe fún gbogbo Nàìjíríà, kò sì sí ẹni tí ń sanwó iṣẹ́ náà fún un.

Àwọn orílẹ̀-èdè kan ti gbìyànjú rẹ̀. Láti 1996 ni òfin ilẹ̀ Uganda ti ya ìdá 20 nínú 100 owó ẹnu-ọ̀nà ọgbà ẹranko sọ́tọ̀ fún àwọn ìlú tí ó yí i ká. Ṣùgbọ́n ní Bwindi, níbi tí àwọn ìnàkí ńlá tí wọ́n ń pè ní gòrílà wà, owó ẹnu-ọ̀nà kéré; ìwé-àṣẹ láti rí gòrílà ni owó gidi wà. Ó ti lé ní 600 dọ́là fún àlejò kan, dọ́là mélòó kan péré nínú rẹ̀ ni ó sì ń dé ọwọ́ ará abúlé. Ẹ ò rí i pé ènìyàn lè pín nǹkan kí ó má sì pín in? Ní Pendjari, ní ìlú Benin tí ó múlé ti Borgu, ìdá 30 nínú 100 owó tí àwọn ọdẹ àlejò ń san ni a ń fún ẹgbẹ́ àwọn ará abúlé, AVIGREF, fún ọdún púpọ̀. Èyí sàn jù, nítorí pé owó gidi ni wọ́n pín.

Ṣùgbọ́n bí àlejò kò bá wá ńkọ́? Ní oṣù karùn-ún 2019, àwọn agbébọn jí arìnrìn-àjò ará Faransé méjì gbé ní Pendjari kan náà, wọ́n sì pa ọmọ ìlú Benin tí ó ń mú wọn kiri. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni àrùn kòrónà ti gbogbo ọ̀nà ayé pa. Ìdá 30 òfo, òfo náà ni. Nítorí náà ni a fi gbà pé kò tọ́ kí ìpín àwọn onílẹ̀ so mọ́ ẹsẹ̀ àlejò nìkan. Ìjọba tí ó ni ọgbà ni kí ó máa san án nínú àpò ara rẹ̀, iye kan tí a kọ sílẹ̀, kí owó àlejò wá jẹ́ èlé lórí rẹ̀.

Ní Kainji tiwa, ẹ mọ ohun tí ojú wa ń rí. Ní oṣù kẹjọ 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ọwọ́ tẹ olórí ẹgbẹ́ agbébọn kan tí ó fi igbó yìí ṣe ibùba. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ wa gbé ní Papiri, ní ìjọba ìbílẹ̀ Agwara, lágbègbè adágún náà. Gbogbo wa ni a gbààwẹ̀, títí ìjọba fi kéde ní oṣù kejìlá pé a ti gba àwọn tí ó kù sílẹ̀. A kò ní í fi ọ̀ràn náà rọrùn ju bí ó ti rí lọ. Àwọn ará abúlé náà ni wọ́n kọ́kọ́ ń jìyà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn burúkú yìí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́kọ́ rí àjèjì nínú igbó? Ẹni tí ó ń gbé létí rẹ̀ ni. Bí ó bá sì ti lé ní ogójì ọdún tí a ti ń sọ fún un pé igbó náà kì í ṣe tirẹ̀, ta ni yóò sáré lọ sọ fún?

Onílẹ̀ tí ó bá gba ìṣákọ́lẹ̀ kò tún gbọdọ̀ wá dẹ pàkúté sínú oko àlejò rẹ̀. Èyí náà jẹ́ òtítọ́. Kò sì yẹ kí ìpín náà parí sí ààfin. Kí a ka iye rẹ̀ sókè lọ́jọ́ ọjà, ní èdè tí gbogbo wọn gbọ́, kí àwọn ìyá tí ń ṣa òrí àti àwọn apẹja gbọ́ ọ, àti àwọn Fúlàní pẹ̀lú, tí a sábà máa ń gbàgbé nígbà ìpín tí a sì máa ń rántí nígbà ẹ̀bi. Kí a sì tún rántí ẹ̀ṣọ́ igbó, tí ó ń fi ìbọn ṣákaṣàka ko àwọn tí ìbọn wọn jù tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ará Minna mọ ilé-iṣẹ́ HYPPADEC tí ó wà ní ìlú wa níhìn-ín. Òfin ọdún 2010 ni ó dá a sílẹ̀ nítorí àwọn ìlú tí ìdídò iná mànàmáná pa lára. Ó lé ní ogójì ọdún lẹ́yìn Kainji kí òfin náà tó dé, ó sì tún tó bí ọdún mẹ́wàá kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ó dé. Bí a bá lè ṣòfin fún ẹni tí omi lé kúrò nílé, a lè ṣe é fún ẹni tí a lé nítorí ẹranko. Póòpù Francis olóògbé, nínú ìwé Laudato Si' tí ó kọ ní 2015, kò ya igbe ilẹ̀ ayé nípa kúrò lára igbe àwọn tálákà.

Ẹ má ṣe rò pé ìjọba nìkan ni a ń bá wí. Ní ìjọ kan tí a ti sìn rí ní ilẹ̀ Yorùbá, ìdílé kan ti fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, lórí àdéhùn pé ọmọ méjì nínú ìdílé náà yóò máa kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Kí àwa tó débẹ̀, ẹni tí ó ṣe àdéhùn ti kú, kò sì sí ẹni tí ó rántí mọ́. Baba arúgbó kan wá bá wa nípa rẹ̀. A gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, a sì béèrè ìwé àdéhùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò wá títí, ó ní, "Fadá, ilẹ̀ tí ẹ jókòó lé yìí ni ìwé náà." Ní sáà tí ó tẹ̀lé e, ọmọ méjì wọlé. Ti àwọn tí ó ti dàgbà láìkàwé, a kò rí i ṣe.

Àti èédú tí a ń dáná sí, àti ẹran ìgbẹ́ tí a ń rà lójú ọ̀nà Mokwa nígbà tí a bá ń lọ sílé fún ọdún, inú igbó ẹnìkan ni wọ́n ti wá. Ó yẹ kí a máa béèrè.

Ní ti Gálílì ọdún tí ń bọ̀, a ti bá àwọn aṣáájú ọ̀dọ́ jókòó. A kò ní í gbé ìrẹsì láti Minna mọ́. A óò ránṣẹ́ sí àwọn ìyá tí ó wà ní Gurara ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, a óò sì san àsansílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n dáná fún ọgọ́ta ènìyàn. Gbogbo ọ̀dọ́ ni yóò mú àpò òfìfo kan lọ, láti fi kó ọ̀rá padà. A sì ti ní kí wọ́n wá ìyá ẹlẹ́pà náà rí.