Àlejò Tí A Kò Mọ̀ Rí

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín kò ju èyí lọ: pé Ọlọ́run, Ọba àwámárìídìí, a máa gba ẹnu ọ̀nà ọmọ ènìyàn kọjá ní àwọ̀ ẹni tí a kò mọ̀ rí, àti pé ẹni tí ó bá ní òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí àlejò í ṣe kí òun tó ṣe é lóore, ó ṣòro kí olúwarẹ̀ tó pàdé Rẹ̀.

Ẹ wo Ábúráhámù ní Mámúrè. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú, ọkùnrin náà sì ti darúgbó. Síbẹ̀, bí ó ti rí àwọn ọkùnrin mẹ́ta lókèèrè, eré ni ó sá lọ pàdé wọn. Òkèlè díẹ̀ ni ó fi lọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun òṣùwọ̀n mẹ́ta ni ó ní kí Sárà pò, ọmọ màlúù ni ó sì mú láti inú agbo. Ẹni tí ó bá mọ òwe àwọn baba wa pé ojú àlejò ni a ti í jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti í san án, kò ní í bèèrè irú ènìyàn tí Ábúráhámù í ṣe. Kò bi wọ́n ní orúkọ, kò bi wọ́n ní ìlú. Ìgbà tí wọ́n ti jẹun ni ọ̀rọ̀ ọmọ tí Sárà yóò bí tó jáde.

Ohun kan sì wà nínú orí 25 ìwé Mátíù tí àwa oníwàásù máa ń fò dá. À ń tẹnu mọ́ ọn pé Olúwa ni a bọ́, Olúwa ni a wọ̀ láṣọ. A kì í sọ pé ẹnu ya àwọn olódodo pàápàá nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ. Àwọn tí ó ṣe é kò mọ̀, àwọn tí kò ṣe é kò mọ̀. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò sí nínú ìmọ̀ rárá, inú oúnjẹ, omi àti aṣọ ni ó wà.

Ní ọ̀rúndún kẹrin, Martin, ọmọ ogun Róòmù, pàdé alágbe kan tí ó wà níhòòhò nínú òtútù líle ní ẹnubodè Amiens, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Faransé lónìí. Kò ní nǹkan kan ju ohun ìjà àti aṣọ ìlékè rẹ̀ lọ, ó sì fi idà gé aṣọ náà sí méjì, ó fún alágbe náà ní àbọ̀. Sulpicius Severus, tí ó mọ̀ ọ́n, tí ó sì kọ ìtàn rẹ̀, sọ pé àwọn kan fi Martin rẹ́rìn-ín nítorí àbọ̀ aṣọ tí ó kù sí i lára. Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ náà, ó rí Kristi lójú àlá nínú àbọ̀ kejì. Martin kò tíì ṣe ìrìbọmi nígbà náà o. Ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ni ó ṣì ń kọ́.

Èyí ni ó mú mi rántí Ṣódẹkẹ́, aṣáájú àwọn Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí lábẹ́ Olúmọ. Ní ìparí ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé Abẹ́òkúta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1843 ni Henry Townsend ti ìjọ Áńgílíkà tẹ̀lé e. Ṣódẹkẹ́, tí kì í ṣe ọmọ ìjọ kankan, sì gba àwọn méjèèjì tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀tá ni ó yí Ẹ̀gbá ká, tí ó fi ń wá ọ̀rẹ́. N kò ní í jà á níyàn. Inú ènìyàn kì í sábà gbé ìdí kan ṣoṣo. Ó kú ní 1845, kí àwọn oníwàásù tó wá tẹ̀dó ní 1846, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ ni Àjàyí Crowther, ọ̀kan nínú wọn, tí a kó lẹ́rú ní 1821, bá wọlé, níbẹ̀ ni ó sì ti fojú kan Àfàlà ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 25.

Nínú wa lónìí, ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀: ọlọ́kọ̀ a rí àga iwájú, ẹlẹ́sẹ̀ a dúró sí ẹ̀yìn òpó, bí ẹni pé Jákọ́bù kò kọ̀wé lòdì sí ojúsàájú rí. Benedict ará Nursia, tí ó ṣe òfin fún àwọn mọ́ńkì ní Ítálì ní ọ̀rúndún kẹfà, ti rí i tipẹ́. Nínú orí 53 òfin rẹ̀, ó ní kí a gba gbogbo àlejò bí ẹni gba Kristi, kí a wẹ ẹsẹ̀ wọn, kí a sì ṣìkẹ́ tálákà jù, nítorí ẹ̀rù olówó tó láti gba ọ̀wọ̀ fún un.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní olè pọ̀ nígboro. Òótọ́ ni, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni yọ ìlẹ̀kùn rẹ̀. Benedict náà kò yọ tirẹ̀. Ẹni tí yóò jókòó tì í ni ó yàn, arúgbó ọlọ́gbọ́n tí ó mọ bí a ti ń gba iṣẹ́ tí a sì ń fèsì, tí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run bí tálákà bá ti ké sí i. Àwa, géńdé tí ó lè lé ènìyàn ni à ń wá. Ìgbìmọ̀ ìjọ tí ó bá ń wá ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí ó wá irú arúgbó bẹ́ẹ̀, kí ó fún un ní yàrá lẹ́nu géètì, àga méjì, àti oúnjẹ tí kò ní í máa tọrọ àyè lọ́wọ́ akápò kí ó tó bù ú fún ènìyàn.